Bàbá Fáfúnwá àti Kíláàsì Mọdákẹ́kẹ́

   

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ kan ni mo gbé wá lónìí. Alíù Babátúndé Fáfúnwá lorúkọ wọn. Wọ́n ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì, wọ́n ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo Nàìjíríà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé ara wọn jáde ní 1990, olùkọ́ ni wọ́n pe ara wọn lára ìwé náà: Up and On! A Nigerian Teacher's Odyssey. 

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi, torí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Bàbá máa jẹ mí lọ́kàn. Epo pupa ni ìyá mi ń tà. Bí ọyẹ́ bá ti mú, a ó kàn bá epo nínú kẹ́ẹ̀gì láàárọ̀ tó ti dì gbagidi. Kò ṣeé dà, àfi kí a gbé e sójú oòrùn títí yóò fi yọ́. Èmi ni mo máa ń gbé e jáde kí n tó lọ sílé-ìwé. Ní ọjọ́ kan, ní kíláàsì kẹrin, tíṣà wa ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì lédè Gẹ̀ẹ́sì, lórí ohun tó le àti ohun tó ń ṣàn. Wọ́n ní kí ẹnì kan dárúkọ nǹkan tí òtútù máa ń sọ di líle. Gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn epo láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń pe "dì" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo nawọ́, mo ní, "Sà, epo máa ń dì lásìkò ọyẹ́." Ẹgba mẹ́ta ni mo fi jẹ, wọ́n sì gbé pátákó kékeré kan kọ́ mi lọ́rùn tí wọ́n kọ sí i pé mo sọ fanákúlà. Ẹni burúkú kọ́ ni tíṣà náà. Òfin ilé-ìwé ni wọ́n tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún mi bóyá ohun tí mo sọ tọ̀nà. Odidi ọdún yẹn parí, n kò mọ̀ pé èmi nìkan ni mo mọ ìdáhùn ní kíláàsì wa.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Fáfúnwá fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé wọn jà fún.

Èkó ni wọ́n bí wọn sí ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1923. Ọmọ Mùsùlùmí ni wọ́n, ilé-ìwé àwọn ìjọ Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì lọ, CMS Grammar School, nítorí ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé gidi wà láyé ìgbà náà. Ẹni tó bá ti jókòó ní irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, tí ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ àti ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wọn yàtọ̀ síra, yóò tètè mọ̀ pé ilé-ìwé lè kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ kó sì tún máa sọ fún un pé ilé bàbá rẹ̀ kò ní nǹkan kan nínú. Ó dá mi lójú pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ wọ Bàbá lára.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjá sí Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí ilé-ìwé tí wọ́n lọ ní ìtàn. Bethune-Cookman ni wọ́n ń pè é, ó wà ní Daytona Beach ní ìpínlẹ̀ Florida. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Mary McLeod Bethune, tí àwọn òbí rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí, ló dá a sílẹ̀. Ní 1904, dọ́là kan àti àádọ́ta sẹ́ǹtì ló wà lọ́wọ́ ìyá yìí nígbà tó kó ọmọbìnrin márùn-ún jọ, tó fi ọmọkùnrin tirẹ̀ kún wọn, tó ní ilé-ìwé dé. Àpótí onígi tí wọ́n fi ń kó ọjà ni wọ́n fi ṣe tábìlì. Igi tó ti jóná di èédú ni wọ́n fi ń kọ̀wé, omi èso inú igbó ni wọ́n sì fún láti fi ṣe yíǹkì. Ìyá náà ń fi ọ̀dùnkún ṣe páì, ó ń tà á láti fi gbọ́ bùkátà ilé-ìwé. Nígbà tó yá, olórí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Franklin Roosevelt, ń pè é láti gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ irú àwọn èèyàn báyìí ni Bàbá Fáfúnwá ti gboyè àkọ́kọ́ ní 1950.

Láti ibẹ̀ wọ́n lọ sí New York University. Ní 1955 ni wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀. Ọdún 1955 yẹn náà ni ìyá Bethune dolóògbé.

Ọdún yẹn kan náà sì ni nǹkan ńlá ṣẹlẹ̀ nílé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣílẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé ní 1954 jẹ́ 456,600. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n di 811,432. Àwọn òbí wa kan tó ń gbọ́ mi báyìí wà nínú wọn. Àwọn ọmọ rọ́ wọlé, ilé-ìwé kún, wọ́n ń wá tíṣà kiri. Ìbéèrè tó wá kù ni èyí tí Bàbá gbé lérí: nígbà tí ọmọ ti jókòó sínú kíláàsì, kí ló ń gbọ́?

Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò ní kọjá kíláàsì kẹfà. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí fún wọn. Oko, ọjà tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ló kàn. Wọ́n á ti lo ọdún mẹ́fà, ìdajì rẹ̀ lédè tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nílé wọn. Bí wọ́n bá jáde, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò tó fi ka ìwé ìròyìn. Yorùbá tí wọ́n ń sọ láti kékeré, wọn kò lè fi kọ lẹ́tà tó já gaara sí ẹ̀gbọ́n wọn. Bàbá rí i pé owó ìlú ló ń ṣòfò bẹ́ẹ̀, orí ọmọ tó jí pépé sì ń ṣòfò mọ́ ọn.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Láti 1961 ni wọ́n ti ń kọ́ni ní yunifásítì Nsukka. Wọ́n kúrò níbẹ̀ ní 1966 nígbà tí ìlú dàrú. Ifẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́ díìnì àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ ìwé ìtàn ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, History of Education in Nigeria, tó jáde ní 1974, tí kò sí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ tíṣà nílẹ̀ yìí tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí òyìnbó gúnlẹ̀. Ilé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwà, ní iṣẹ́ ọwọ́, ní ìbọ̀wọ̀ fún àgbà, ní ìrònú. Wọ́n ka ète méje tí ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ wa ń lé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọ ti ilé-kéwú, kí wọ́n tó wá kan ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì. Ètò orí ìwé lásán lè jọ lójú ẹlòmíràn. Lójú tèmi, iṣẹ́ ńlá ni, torí ọmọ tó bá kà á yóò mọ̀ pé àwọn baba òun ti ń kọ́ ọmọ kí ìwé tó dé.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, wọ́n ṣe àpérò ńlá kan ní Èkó lórí ohun tó yẹ kí a máa kọ́ ọmọ Nàìjíríà. Wọn kò fi í sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Àwọn àgbẹ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ obìnrin àti àwọn ẹlẹ́sìn wà níbẹ̀. Bàbá wà lára àwọn tí ohùn wọn dún níbẹ̀. Àpérò yẹn ló bí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbé jáde ní 1977, èyí tó mú ètò 6-3-3-4 wá, tó sì sọ pé èdè abínibí ni kí a kọ́kọ́ fi kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìlànà yẹn tó jáde, Bàbá ti wọ kíláàsì lọ. Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí.

Ní 1970, àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Afọláyan tó jẹ́ onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn, lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló fún wọn lówó. Wọ́n kó ọmọ jọ sí ọ̀nà méjì. Ọ̀wọ́ kan ń kàwé bí gbogbo ilé-ìwé ṣe ń ṣe e: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì títí dé kíláàsì kẹfà. Ọ̀wọ́ kejì ń fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà. Wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, lọ́wọ́ olùkọ́ tí wọ́n kọ́ dáadáa láti máa kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fetí sí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, nítorí òun ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Bí a bá ti dárúkọ Fáfúnwá, ohun tí wọ́n máa ń rò ni pé Bàbá fẹ́ gba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ọmọ yín. Rárá o. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju bó ṣe ń gbọ́ ọ lọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé tíṣà tí Gẹ̀ẹ́sì òun fúnra rẹ̀ ń mẹ́hẹ, tó wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì yẹn kọ́ ọmọ ní ìṣirò, nǹkan méjì ló ń bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ tó wà nínú ètò yìí kò kéré. Kò sí ìwé. Wọ́n ní láti jókòó kọ ìwé sáyẹ́ǹsì àti ìwé ìṣirò lédè Yorùbá fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí a kò tíì máa pè lórúkọ, ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní èdè-ìperí. Ẹ mú kíkà nìkan. Lórí pátákó, ọmọ ń rí 45: ẹ̀wá mẹ́rin àti márùn-ún. Lẹ́nu, márùndínláàádọ́ta ló ń pè é. Ẹ sì wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn: ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ ó di àádọ́ta, a tún yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Tíṣà tó bá fi ojú fo èyí yóò da ọmọ rú. Èyí tó bá mọ̀ ọ́n kọ́ yóò fi han ọmọ pé ìsọdipúpọ̀ àti àyọkúrò ti wà lẹ́nu ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, nídìí ọjà, níbi tó ti ń ka iṣu. Irú nǹkan báyìí ni a ní láti rò dé ìdí kí a tó lè kọ ìwé ìṣirò Yorùbá fún ọmọdé.

Nígbà tó di 1973, wọ́n tan ètò náà dé àwọn ilé-ìwé mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ṣoṣo ló kàn mọ̀wé. Wọ́n ń fún ọ̀wọ́ méjèèjì ní ìdánwò, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èsì rẹ̀ rèé: àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé fún ọdún mẹ́fà ta àwọn yòókù yọ nínú ìṣirò, nínú sáyẹ́ǹsì àti nínú ẹ̀kọ́ àwùjọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù lé lórí ńkọ́? Wọn kò kẹ́yìn.

Ohun tó jẹ́ kí n máa bọ̀wọ̀ fún Bàbá nìyẹn. Àwọn tó fẹ́ràn Yorùbá pọ̀ nílẹ̀ yìí. A ń pòwe, a ń kéwì, a ń ṣe ọjọ́ èdè abínibí. Fáfúnwá kò fi ìfẹ́ lásán bá ìjọba sọ̀rọ̀. Wọ́n dán an wò, wọ́n fi ọdún púpọ̀ ṣọ́ ọ, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè rí ohun tí yóò jiyàn lé lórí.

Ní 1990, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fi wọ́n ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́, wọ́n wà níbẹ̀ títí di 1992. Wọ́n polongo èdè abínibí láti orí àga yẹn débi pé àwọn kan ń bínú sí wọn. Ọdún méjì kò tó láti kọ ìwé fún èdè tó lé ní irinwó, tàbí láti kọ́ tíṣà tí yóò fi wọ́n kọ́ni. Wọ́n kúrò nípò, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lẹ́nu wọn títí wọ́n fi dolóògbé ní Àbújá ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2010, lẹ́ni ọdún 87.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ wọn? Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ní Mọdákẹ́kẹ́ gan-an nìyẹn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mínísítà ìgbà yẹn, Adamu Adamu, fúnra rẹ̀ sọ pé ó dìgbà tí ìwé àti olùkọ́ bá wà kó tó lè múlẹ̀ tán. Ìwé náà kò dé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́léósinmi dé yunifásítì. Àlàyé tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Dókítà Tunji Alausa, ṣe ni pé àwọn agbègbè tó ti ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Tọkàntọkàn ni mo fi fẹ́ dáhùn, torí ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà 2022 kò tíì dé kíláàsì kẹfà ní 2025, áńbọ̀sì kó jókòó ṣe WAEC. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ wọn, tàbí àdàlù tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í ṣe èdè ilé wọn, láìsí ìwé, láìsí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó mọṣẹ́. Èyí tí Fáfúnwá ṣe, tó ní ìwé, tó ní olùkọ́, tó sì ní Gẹ̀ẹ́sì tó múná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a kò tíì gbé e dé gbogbo ilé-ìwé rí. A kò lè sọ pé oúnjẹ kò dáa nígbà tí a kò tíì sè é.

Mo mọ ohun tó ń ba òbí lẹ́rù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń wáṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń wọ yunifásítì, òbí tó ń forí ṣe fọrùn ṣe láti san owó ilé-ìwé aládàáni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ òun dánrawò. Ẹ̀rù yín tọ́. Bàbá Fáfúnwá náà mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó mọṣẹ́ fún àwọn ọmọ Mọdákẹ́kẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹ̀yin tíṣà, bí ọmọ bá nawọ́ ní kíláàsì tó sì fi Yorùbá dáhùn, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé ó gbà á, kí ẹ tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín léèrè ohun tó kọ́ lónìí, kí ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé rẹ̀ lédè ilé. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ wa gbogbo, láti Èkó dé Èkìtì, iṣẹ́ tí Bàbá ṣe wà nínú ìwé tí àwọn, Juliet Macauley àti Funnso Sokoya jọ kó jọ, Education in Mother Tongue, tí University Press tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1989. Ẹ wá a rí. Ẹ kà á tán kí ẹ tó tún jókòó sí ìpàdé kankan lórí èdè tí a ó fi kọ́ ọmọ wa.